Sámúẹ́lì: “mo bèèrè rẹ̀” ni àbí “orúkọ Ọlọ́run”? Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́rin!

Àrẹ̀mú_Ṣakí (Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run ti ṣe é fún wa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ń wojú Olúwa, ìyàwó mi bí ọmọkùnrin láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Tìyá-tọmọ wà ní àlàáfíà. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa kó ọmọ jáde.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Sámúẹ́lì ni mo fẹ́ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ló dìjà. Ìyá ìyàwó mi ní “Ọlọ́run gbọ́” ló túmọ̀ sí. Pásítọ̀ wa ní rárá, pé ó wà nínú Bíbélì gbangba, “mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Olúwa.” Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbé ìwé atúmọ̀ ògbólógbòó kan jáde látinú àpótí, “orúkọ Ọlọ́run” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ìtumọ̀ sábẹ́ orúkọ lórí káàdì. Ọmọ tó ń bá wa tẹ káàdì ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Èwo ni kí n ní kó kọ?

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 9:03 alẹ́)

Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ bá mi kí ìyá ìkókó, ẹ ní mo ní ẹ kú ọwọ́ lómi. Olúwa á wò ó.

Èmi ò gbọ́ Hébérù, ṣùgbọ́n Sámúẹ́lì mẹ́rin ni mo mọ̀ nínú ọjà wa, ìwà wọn ò jọra. Ọ̀kan ń ta ìrẹsì, kóńgò rẹ̀ ò kún rí. Bóyá tirẹ̀ ló túmọ̀ sí “ẹ máa bèèrè.”

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ẹ kú oríire, sà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ èdè yìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìsìn, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún yín.

Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Hébérù: ṣínì, mẹ́mù, fáù, álẹ́fì, lámẹ́dì. Ẹ ti rí irú orúkọ wọ̀nyí rí lórí Sáàmù 119. Bí wọ́n ṣe ń pè é sún mọ́ “Ṣẹmuẹli.” Ẹ wá fi àwọn lẹ́tà yẹn wọn ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ti màmá ìyàwó yín: “gbọ́” lédè wọn ni *ṣámà*, lẹ́tà tó sì kẹ́yìn rẹ̀ ni áínì, ohùn kan tí wọ́n ń fà jáde látọ̀nà ọ̀fun. Ẹ wo Íṣímáẹ́lì ní Jẹ́nẹ́sísì 16, “Ọlọ́run gbọ́” ni lóòótọ́, áínì wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Símónì ọmọ Léà ní orí 29, áínì wà níbẹ̀ náà. Kò sí áínì kankan nínú Sámúẹ́lì. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ màmá.

Ti Pásítọ̀: “bèèrè” tàbí “tọrọ” ni *ṣaálì*: ṣínì, álẹ́fì, lámẹ́dì. Lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú orúkọ náà, wọ́n tiẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n mẹ́mù àti fáù jókòó sáàárín wọn láìsí ìwé ìpè. Àwọn olùtumọ̀ àtijọ́ kan nínú àwọn Júù ní gbólóhùn kan ló sún kì, pé “a tọrọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run” ni.

Ti bàbá yín: *ṣẹ́mù* ni “orúkọ,” *ẹ́lì* ni “Ọlọ́run.” Ó bá lẹ́tà mu láti orí dé ìdí. Tó bá jẹ́ ìwé atúmọ̀ nìkan lẹ fẹ́, bàbá ló jàre.

Wòlíì_Kékeré (Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́)

Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ rọra o. 1 Sámúẹ́lì 1:20, Hánà fúnra rẹ̀ ló là á sílẹ̀: “Nítorí tí mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Olúwa.” Ìyá tó bímọ ni yóò sọ ìdí tó fi sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, àbí ẹni tó ń ka lẹ́tà? Ṣé Bíbélì wá ń parọ́ ni? Ibi tí ẹ̀kọ́ yunifásítì ń gbé èèyàn lọ nìyí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́)

Ẹ má bínú, sà. Mi ò pe Hánà ní òpùrọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé nǹkan méjì ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ àti ohun tí ẹnu fi ọ̀rọ̀ dá.

Ẹ wo ewé tẹ̀tẹ̀ tiwa. “Tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.” Ta ló máa sọ pé ara “tẹ́” ni wọ́n ti yọ orúkọ ẹ̀fọ́ náà? Ohùn ló jọ ohùn, ọlọ́fọ̀ sì fi ohùn yẹn so ewé mọ́ ohun tó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Hébérù ń ṣe. Ọmọbìnrin Fáráò pe ọmọ tó rí nínú omi ní Mósè, ó ní torí pé òun fà á yọ. Ọmọ Íjíbítì kan á wá máa fi Hébérù túmọ̀ orúkọ? Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ọ̀rọ̀ Íjíbítì tó túmọ̀ sí “ọmọ” ló wà nínú Mósè, èyí náà tó wà nídìí orúkọ ọba bíi Tutmosis. Síbẹ̀, ìtàn náà ò bàjẹ́.

Hánà gbọ́ “ṣaálì” nínú “Ṣẹmuẹli.” Etí ìyá ló fi gbọ́ ọ.

Má_fi_Yorùbá_ṣeré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mo ka gbogbo ẹ̀ tán láàárọ̀ yìí, mo kàn mirí ni. Ọmọ Ṣakí, ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ fi tọrọ ọmọ, kò sí orúkọ kan nínú gbogbo ilé Yorùbá tó lè gbé e? Olúdáhùnsi ńkọ́? Olúwagbóhùnmi ńkọ́, tí kò ní nílò akẹ́kọ̀ọ́ kankan láti tú u? Òyìnbó ló fi Sámúẹ́lì lé wa lọ́wọ́.

Ọmọ_Ègbá_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀)

@Má_fi_Yorùbá_ṣeré Òyìnbó kọ́ ló ni ín, ẹ̀gbọ́n. Júù ló ni ín, Òyìnbó náà yá a ni. Mo ti ṣiṣẹ́ ní Stamford Hill rí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àdúgbò tí àwọn Júù onírun-ẹ̀bátí pọ̀ sí. Shmuel ni orúkọ ọ̀gá wa, Shmuli ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé Samuel ni àbúrò mi ń jẹ́, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Àwọn Gíríkì ló já lẹ́tà yín gbà.”

Ó ní nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí èdè Gíríkì, ní ayé àtijọ́ kí wọ́n tó bí Jésù, kò sí ohùn “ṣ” lédè Gíríkì, ni wọ́n bá ń fi “s” rọ́pò rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ṣlómò ti di Sólómọ́nì, tí Ṣimṣọ́nì di Sámúsìnì, tí Ṣẹmuẹli di Sámúẹ́lì. Látín gbà á lọ́wọ́ Gíríkì, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Látín, àwa gbà á lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwa ní “ṣ” tiwa láti ilẹ̀! À bá máa pè é dáadáa ká ní a gbà á tààrà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Òótọ́ pọ́ńbélé. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 pàápàá gbìyànjú. Ó kọ “Shemuel” níbi mẹ́ta: Númérì 34:20, níbi tí Shemuel ọmọ Ámíhúdù ti wà lára àwọn tó máa pín ilẹ̀ fún ẹ̀yà Símónì, 1 Kíróníkà 7:2, ọmọ Tólà láti ẹ̀yà Ísákárì, àti 1 Kíróníkà 6:33. Wòlíì Sámúẹ́lì tí gbogbo wa mọ̀ ni ẹni ti 6:33 o, bàbá bàbá Hémánì akọrin. Lédè Hébérù, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Nítorí náà èèyàn mẹ́ta ló jẹ́ Sámúẹ́lì nínú Bíbélì, méjì ò gbajúmọ̀.

Alfa_Ìsẹ́yìn (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán)

Àsàláámù àlékùm. Barka o, bàbá ọmọ tuntun. Ẹ má rò pé ti àwọn Kìrìsítẹ́nì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí.

Nínú Sūratu-l-Baqarah, ẹsẹ 246, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lọ bá ànábì wọn pé kó yan ọba fún wọn. Kùránì ò dárúkọ ànábì yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn onítáfúsírù, àwọn tó ń túmọ̀ Kùránì, ní Ṣamwīl ni. Ọba tí wọ́n fún wọn ni Tālūt, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Sọ́ọ̀lù. Lórí òkè kan ní àríwá Jerúsálẹ́mù, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Nabī Ṣamwīl. Mọ́sálásí wà níbẹ̀, ibi àdúrà àwọn Júù náà wà lábẹ́ òrùlé kan náà, torí àwọn méjèèjì gbà pé ibojì rẹ̀ nìyẹn. (Mo mọ̀ pé Bíbélì yín ní inú ilé rẹ̀ ní Rámà ni wọ́n sin ín sí, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.)

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tó jẹ́ orúkọ yìí kì í ṣe ànábì. As-Samaw'al ni, ọmọ ʿĀdiyā, akéwì Júù tó ń kéwì ní Lárúbáwá, ṣáájú kí Ìsìláàmù tó dé. Ilé olódi kan tí wọ́n ń pè ní al-Ablaq ló ń gbé, nítòsí Taymā. Imruʾu-l-Qays, akéwì ọmọ ọba, kó ẹ̀wù ogun rẹ̀ sí i lọ́wọ́ pé kó bá òun tọ́jú wọn, ó bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀tá Imruʾu-l-Qays wá, wọ́n ká ilé olódi náà mọ́. Wọ́n mú ọmọ Samaw'al tó ń bọ̀ látoko ọdẹ, wọ́n gbé e síwájú ògiri, wọ́n ní: kó àwọn ẹ̀wù yẹn jáde, àbí ká pa á. Ó wo ọmọ rẹ̀ látòkè. Ó ní ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ òun, òun ò ní dalẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pa ọmọ náà lójú rẹ̀. Títí dòní, bí Lárúbáwá bá fẹ́ yin ẹni tí kì í yẹ̀ àdéhùn, wọ́n á ní ó “pa àdéhùn mọ́ ju Samaw'al lọ.”

Nígbà tí mo wà ní kéwú ni olùkọ́ wa sọ ọ́ fún wa. Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:52 ọ̀sán)

Alfa, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ìkómọ la wà o! Ìtàn wo lẹ tún gbé wá yìí? Èmi á kó ẹ̀wù yẹn fún wọn ni. Ẹ̀wù mélòó ni?

Adájọ́_Àdúgbò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́)

Alfa dárúkọ Sọ́ọ̀lù, ìbéèrè kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́, kí ni Sọ́ọ̀lù túmọ̀ sí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo ti ń dúró de ẹni tó máa bèèrè. *Ṣaúlù*. “Ẹni tí a tọrọ.” Ṣínì, álẹ́fì, fáù, lámẹ́dì. Òun gan-an ló bá àlàyé Hánà mu rẹ́gí!

Ẹ ṣí 1 Sámúẹ́lì orí kìíní, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ “ṣaálì” jáde nínú rẹ̀ lédè Hébérù. Ẹsẹ 17, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́nu àlùfáà Élì. Ẹsẹ 20, lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ 27, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ 28, lẹ́ẹ̀mejì. Méje. Èyí tó gbẹ̀yìn wá ni ẹnu yóò yà sí: Hánà ń fi ọmọ lé Élì lọ́wọ́ ní Ṣílò, ó ní *hù ṣaúlù*. Ẹni tí kò mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ lè gbọ́ ọ bíi “Sọ́ọ̀lù ni.”

Nítorí èyí làwọn ọ̀mọ̀wé kan fi ní ìtàn ìbí Sọ́ọ̀lù ni wọ́n gbé fún Sámúẹ́lì. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé yìí gbọ́n ju ẹni tó máa ṣi orúkọ mú lọ. Ẹ wo iwájú, orí 8: àwọn èèyàn wá “tọrọ” ọba lọ́wọ́ Sámúẹ́lì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní orí 12, Sámúẹ́lì tó ti darúgbó nawọ́ sí Sọ́ọ̀lù, ó ní ọba tí ẹ tọrọ rèé. Obìnrin kan tọrọ ọmọ, ó sì dá a padà fún ẹni tó fún un. Orílẹ̀-èdè kan tọrọ ọba, wọ́n sì rí i gbà, ẹ sì mọ bó ṣe parí lórí òkè Gíbóà, níbi tí Sọ́ọ̀lù kú sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òǹkọ̀wé náà fi so méjèèjì pọ̀.

Nǹkan kan tún wà ní ẹsẹ 28 yẹn. Hánà ní òun “fi í fún” Olúwa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò, “ṣaálì” kan náà ni wọ́n yí díẹ̀, tó fi wá di pé kí èèyàn fún ẹlòmíì ní nǹkan lò. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé títọrọ àti fífúnni wà nínú ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́)

Kí ló yà yín lẹ́nu níbẹ̀? “Yá” kọ́ nìyẹn? Mo yá owó lọ́wọ́ Ìyá Bísí. Ìyá Bísí yá mi lówó. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó ń gbà àti ẹni tó ń fúnni. Ojoojúmọ́ la ń sọ ọ́ lọ́jà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:14 ìrọ̀lẹ́)

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá àpẹẹrẹ Yorùbá fún ẹsẹ yẹn. Mo máa fi í sínú iṣẹ́ àṣekágbá mi.

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ fi orúkọ mi sí i o. Ọ̀fẹ́ kọ́.

Má_fi_Yorùbá_ṣeré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:27 alẹ́)

Ó dáa, mo gbà pé Júù ló ni ín. Síbẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè mi. Àjàyí Crowther, orúkọ wo ló gbé wá látòde ọ̀run? Àjàyí, àmútọ̀runwá, torí pé ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n wá fi Sámúẹ́lì bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ_Ègbá_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 alẹ́)

Ibi tí ẹ gbé e gbà yìí dùn mọ́ mi, torí ìtàn yẹn ò parí síbi tí ẹ rò.

Òótọ́ ni pé ìtumọ̀ kọ́ ló mú wọn sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, 1825, wọ́n ṣèrìbọmi fún un, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ọ́, Samuel Crowther ti ìjọ Christ Church ní Newgate, ọ̀kan lára àwọn ìgbìmọ̀ CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo ẹ̀ pátá, àti orúkọ àti àpèlé, ti onítọ̀hún ni. Síbẹ̀, Àjàyí ò kúrò níbẹ̀: àwa ṣì ń pè é ní Àjàyí Crowther dòní.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ọdún márùn-ún-lé-lógún lẹ́yìn tí ogun ya wọ́n, ó tún rí ìyá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá náà. Ìyá yìí ti gbà pé ọmọ òun ti lọ. Ní 1848, Àjàyí fúnra rẹ̀ ló ṣèrìbọmi fún ìyá tó bí i. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: orúkọ wo ni ìyá Sámúẹ́lì lè gbà?

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:44 alẹ́)

Hánà!!!

Ọmọ_Ègbá_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:45 alẹ́)

Hánà ni o.

Orúkọ tí wọ́n dà lé e lórí ní Sàró láìbi í, òun náà ló wá fi fún ìyá rẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Nínú Bíbélì, ìyá ló sọ ọmọ lórúkọ. Ní Abẹ́òkúta, ọmọ ló sọ ìyá.

Má_fi_Yorùbá_ṣeré (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:02 alẹ́)

Mi ò mọ èyí rí. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn.

Ọmọ_Àjàṣẹ́ (Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀)

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Pọ́tò-Nófò. Kí ẹ má gbàgbé tiwa. Samuel Biléhou Oschoffa, tó dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ níbí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, 1947. Bí ìjọ ṣe ń sọ ìtàn náà, àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ń kú, bàbá náà bá ṣèlérí fún Ọlọ́run pé bó bá fún òun ní ọmọkùnrin tó máa yè, òun á fi í fún un. Wọ́n bí i ní 1909, ó sọ ọ́ ní Samuel. Bàbá ló jẹ́ Hánà nínú èyí! Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel kọ́. Ní Èkó ló kú sí ní 1985, Ìmẹ̀kọ, ìlú ìyá rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ ẹ̀ rí i pé orúkọ yìí máa ń tẹ̀lé àwọn tó pẹ́ kí wọ́n tó bímọ?

Adájọ́_Àdúgbò (Ọjọ́rú, 8:15 àárọ̀)

Kì í ṣe gbogbo wọn o. Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ẹni kẹta ni nínú ọmọ ilé wọn. Wàhálà tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni: ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ìwé dẹni àwátì. Ó kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah, ló tún un kọ látinú ìwé àkọsílẹ̀ tó kù, ó jáde ní 1921. Àti Ládòkè Akíntọ́lá, Sámúẹ́lì lòun náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ta ló ń rántí ìtumọ̀ Sámúẹ́lì tó bá ti gbọ́ S.L.A.? Ẹnu rẹ̀ tó mú ni wọ́n ń rántí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Hébérù (Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán)

Ọ̀kan péré sí i lórí ọ̀rọ̀ bàbá Àrẹ̀mú, tí “orúkọ Ọlọ́run” yẹn bá ṣì ń ṣe wọ́n bíi pé ó gbẹ. Orúkọ yìí dàgbà ju Ísírẹ́lì lọ. Ní Làsà, ìlú kan ní gúúsù ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ìráàkì lónìí, ọba kan jẹ ní nǹkan bí 1890 ṣáájú ìbí Kristi, Sumuel lorúkọ rẹ̀. Ará Ámórì ni àwọn èèyàn rẹ̀, ìbátan èdè Hébérù sì ni èdè wọn. Nínú èdè yẹn, *súmù* jẹ́ “orúkọ,” wọ́n sì tún máa ń lò ó fún “ọmọ” tàbí “irú-ọmọ.” Ẹ sáà mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bímọ, wọ́n á ní orúkọ rẹ̀ máa parẹ́. Torí náà “orúkọ Ọlọ́run” lè sún mọ́ “ọmọ tí Ọlọ́run fi mú orúkọ dúró.” Bàbá tíṣà lè fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ìyá_Káwẹ̀ (Ọjọ́rú, 12:41 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Àrẹ̀mú, ẹ ti sọ ohun tí ìyá ìyàwó yín sọ. Ẹ sọ ti Pásítọ̀. Ẹ sọ ti bàbá yín. Mo tún ẹsẹ 20 yẹn kà láàárọ̀ yìí. “Ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Sámúẹ́lì.” Hánà ni “ó” yẹn. Ẹlikánà ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Kí ni ìyàwó yín sọ?

Àrẹ̀mú_Ṣakí (Ọjọ́rú, 10:58 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Mo ka ìbéèrè Màmá Káwẹ̀ ní ibi iṣẹ́, mo tì fóònù mọ́lẹ̀.

Mo délé, mo bi í. Ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí.” Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní ní ọdún kẹfà, ní àdúrà òru kan, òun ò lè gbàdúrà sókè mọ́. Ètè ló kàn ń mì. Omi ń dà lójú òun. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan (mi ò ní sọ ìjọ tó jẹ́) tọ̀ ọ́ wá, ó ní kó bọ́ sí ìta bó bá jẹ́ oorun ló ń kùn ún. Ó ní òun bọ́ síta, òun jókòó sórí bulọ́ọ̀kù, ibẹ̀ lòun ti rántí pé Élì rò pé Hánà ti mutí yó. Ètè ló ń mì, a ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní láti òru ọjọ́ yẹn lòun ti ń pe ọmọ tí kò tíì sí yìí ní Sámúẹ́lì nínú ara òun.

Mo bi í nípa ìtumọ̀. Ó ní, “Ẹ kọ èyí tí ẹ bá fẹ́ síbẹ̀. Mo ti mọ tèmi.”

Wòlíì_Kékeré (Ọjọ́rú, 11:20 alẹ́)

Ẹ bá wa kí wọn, sà. Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà máa ń ṣì í mú nígbà mìíràn.

Àrẹ̀mú_Ṣakí (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:15 ọ̀sán)

A ti kó ọmọ jáde láyọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan Pásítọ̀. Ìyá ìyàwó mi ju owó sínú àwo, ó ní Olúwagbóhùnmi lòun ó máa pè é, kò gbọ́ nǹkan kan nípa áínì. Bàbá mi sọ ọ́ ní Olúdáhùnsi (@Má_fi_Yorùbá_ṣeré, ẹ kú iṣẹ́). Oríkì rẹ̀ ni Àlàní.

Lórí káàdì, mo ní kí ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ fi abẹ́ orúkọ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Ó bi mí bóyá mo gbàgbé ni. Owó ìlà yẹn, kò dá a padà.